Kọ́bọ́ọ̀dù Ara Ògiri: Ẹ Wo Ẹ̀yìn àti Ìdí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Àwọn Haúsá tí Malam Bako ṣáájú wọn ló tẹ àdúgbò Sabon Zongo dó ní ìlú Accra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn Yorùbá náà sì ti ń bá wọn gbé níbẹ̀ ọjọ́ pẹ́. Nínú àwọn agbo ilé ibẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní. Aṣọ, àwo, ìwé ọmọ àti àpò ìrẹsì, ibẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbé. Abájọ tí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, láti ilẹ̀ títí dé àjà, fi máa ń wu ìyá ilé. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, kò sì ṣeé gbé bí àpótí. Bí ó bá wú lẹ́yìn òjò ọdún kan, owó ọ̀hún wọgbó nìyẹn.

Puláíwúùdù tí wọ́n lẹ awọ igi gidi mọ́ lójú ni wọ́n sábà ń lò. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó fẹ̀ ní mẹ́rin. Awọ náà lè jẹ́ ti ọ̀gànwó, tàbí ti sapele, igi tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta. Ẹwà ni iṣẹ́ awọ yìí, torí nígbà mìíràn kò nípọn tó mìlímítà kan. Inú ni agbára wà. Àwọn ìpele igi ibẹ̀ dábùú ara wọn, kí pákó má baà tẹ̀ tàbí kó sán. Ní Gánà, àràbà wà lára igi tí wọ́n ń lò fún inú, igi tó rọ̀ tí kòkòrò sì fẹ́ràn. Àtè tó so wọ́n pọ̀ tún ṣe pàtàkì. Ẹ gé ẹ̀là kan bí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sè é nínú omi fún wákàtí mélòó kan. Bí àwọn ìpele bá ṣí, ẹ má fi irú rẹ̀ ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná.

Sabon Zongo kò jìnnà sí ọ̀sà Korle. Ní June 3, 2015, omíyalé àti iná pa èèyàn tó lé ní 150 ní Accra. Kódà òjò kékeré ń mú kí ìsàlẹ̀ ògiri rin. Nítorí náà, pákó kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì mọ ìdí tó ga tó ìǹṣì mẹ́rin, kí kọ́bọ́ọ̀dù jókòó lé e. Kí àlàfo ìka kan wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri. Ọ̀pọ̀ káfíńtà a máa kun iwájú ní fánísì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn a wá fi ẹ̀yìn àti etí sílẹ̀ lásán. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rinrin ń gbà wọlé. Ẹ ní kí wọ́n kun ẹ̀yìn kí wọ́n tó gbé e dúró, kí wọ́n sì lẹ igi gidi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí pákó. Igi etí yìí tún ń ran pẹpẹ lọ́wọ́. Pẹpẹ onímìlímítà 18 tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ láìní òpó á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lábẹ́ àwo.

Ìṣòro ayálégbé tún yàtọ̀. Òfin owó ilé ti ọdún 1963 ní Gánà kò gbà kí onílé gba ju owó oṣù mẹ́fà sílẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń béèrè ti ọdún kan tàbí méjì. Ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀, tó tún kan kọ́bọ́ọ̀dù, lè kó jáde kó fi í sílẹ̀ fún onílé. Àwọn àgbà Yorùbá tó gbé Gánà rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ohun tó ṣeé dì ni èèyàn lè gbé lọ.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà. Kí káfíńtà má ṣe kan gbogbo rẹ̀ pọ̀ lódindi. Kó ṣe é ní àpótí-àpótí, kó fi síkúrúù so wọ́n pọ̀, kó sì fi síkúrúù dè wọ́n mọ́ ògiri. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹni tó bá wò ó á rò pé odindi ni. Kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó lu ihò àkọ́kọ́ sára ògiri, pé ẹni tó ṣe é ló ni ín.