Ìpele 3 Níbí, Ìpele 6 Lọ́hùn-ún: Bí Àtẹ Ìwé-Ẹ̀rí Iṣẹ́ Ọwọ́ Ṣe Yàtọ̀ Láti Ìlú Dé Ìlú

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ yín tó wà ní London pè yín lórí fóònù pé òun ti gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, Level 3 ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Glasgow gba tirẹ̀, Level 6 sì ni. Kí ẹ tó bi ọmọ yín pé ṣé orí méjì lọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ni, ẹ ní sùúrù. Ó ṣeé ṣe kí ìwé méjèèjì dọ́gba.

Ìdí rèé. Ìwé-ẹ̀rí pọ̀ lóríṣiríṣi, ẹni tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ ò sì lè mọ bí gbogbo wọn ṣe wúwo tó. Ìjọba orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá tò wọ́n léra, láti èyí tó kéré jù dé èyí tó ga jù. Qualifications framework ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àtẹ ìwé-ẹ̀rí la ó máa pè é níbí. Ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà lórí àtẹ náà, tí wọ́n ń pè ní level, ìpele la ó máa pè é.

Kì í ṣe iye ọdún tí èèyàn lò lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń pín ìpele. Ohun tó mọ̀ àti ohun tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń wò. Ṣé ohun tí ọ̀gá bá ní kó ṣe nìkan ló lè ṣe? Ṣé ó lè dá iṣẹ́ náà ṣe láìsí ẹni tó dúró tì í? Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́nà tí kò rí rí, ṣé ó lè wá ohun tó fà á? Ṣé ó lè darí àwọn mìíràn? Bí ìdáhùn bá ṣe ń le sí i ni ìpele ń ga sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló yan iye ìpele tó wù ú. Ẹ rántí kóńgò ìrẹsì: ẹni tó gbọ́ “kóńgò mẹ́ta” láìbéèrè bí kóńgò ọjà yẹn ṣe tóbi tó lè gbé àdánù wálé. Ìpele 1 dé 8 ni England ń lò, pẹ̀lú ìpele ìbẹ̀rẹ̀ kan nísàlẹ̀ wọn. Scotland ní 12. Ireland, Australia àti South Africa ní 10. Àwọn tó ń bójú tó àtẹ ìwé-ẹ̀rí ní Britain àti Ireland ti fi àtẹ wọn wé ara wọn: ìpele 3 England, ìpele 6 Scotland àti ìpele 5 Ireland wà lórí ìlà kan náà.

Nígbà tí irú èyí fẹ́ sú wọn ní Europe, wọ́n ṣe àtẹ alárinà kan ní 2008, ìpele 8 ló ní. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ìdánwò lórí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ìpele tirẹ̀ hàn lórí rẹ̀. Ìpele 5 Ireland bọ́ sí ìpele 4 Europe. Ìpele 4 Jámánì náà bọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ará Dublin àti ará Berlin ṣe lè mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní Jámánì. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ irun níbẹ̀ á tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ọ̀gá onírun. Ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ló wà. Àwọn ọjọ́ yòókù, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fọ irun, ó ń gé e, ó ń pa á láró, wọ́n sì ń sanwó fún un lóṣooṣù. (Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọ̀gá ló ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́ o.) Ọdún mẹ́ta ni. Bó bá yege, ìpele 4 ni ìwé rẹ̀.

Orí ìpele 4 yẹn náà ni Abitur wà, ìyẹn ìwé tó ń gbé ọmọ wọ yunifásítì. Ìjà gidi ló ṣáájú ìyẹn. Àwọn tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ kí Abitur ga ju ìwé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ lọ. Àwọn tó ń ṣojú àwọn agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ò gbà. Nígbà tí àtẹ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, wọn ò fi Abitur sípele kankan rárá, ó di 2017 kí wọ́n tó fẹnu kò.

Lókè ìpele 4 yẹn ni Meister wà, ìyẹn ẹni tó ti yege ìdánwò ọ̀gá. Apá mẹ́rin ni ìdánwò náà: iṣẹ́ ọwọ́ gan-an, ìmọ̀ nípa iṣẹ́ náà, ìṣirò owó òun òfin òwò, àti bí a ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ìpele 6 ni wọ́n fi í sí, níbi tí oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì wà. Ìyẹn ò sọ ọ̀gá onírun di ẹni tó jáde ní yunifásítì. Ohun tó ń sọ ni pé ìmọ̀ méjèèjì wúwo bákan náà, bí wọn ò tilẹ̀ jọra. Mo fara mọ́ ọn pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ìpele ò sọ ohun tí òfin gbà yín láyè láti ṣe. Ní Jámánì kan náà, òfin ní ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù irun tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Meister tàbí kó gba Meister kan síṣẹ́, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda fún. Télọ̀ tó ń wọn ara èèyàn kó tó rán aṣọ ò nílò rẹ̀. Ìpele kan náà ni ìwé àwọn méjèèjì wà, ẹ̀tọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ní South Africa, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí gan-an ló bí àtẹ wọn. Lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n fi òfin dí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó nílò ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn kan mọ iṣẹ́ náà láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Òfin 1995 tó dá àtẹ náà sílẹ̀ fẹ́ kí irú wọn lè rí ìwé gbà lórí ohun tí wọ́n ti mọ̀.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Trade Test tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe ń kà láti ẹ̀yìn: Grade 3 ni ìbẹ̀rẹ̀, Grade 1 ló ga jù. Àtẹ tuntun tí NBTE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń bójú tó ń kà lọ sókè ní tirẹ̀, ìpele 1 ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kọ “1” lásán sínú ìwé ìwáṣẹ́, ẹ lè fọwọ́ ara yín sọ ara yín di ọmọ iṣẹ́. Àǹfààní tó wà lórí àtẹ tuntun yìí ni pé mẹkáníìkì tó gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà lè kó ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ jọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì fún un ní ìwé láìjẹ́ pé ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti orí A, B, D.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìwé yín lọ sókè òkun, àjọ tó ń jẹ́ UK ENIC ló ń sọ ohun tó bá a dọ́gba ní Britain. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní Handwerkskammer, ló ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò, lábẹ́ òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ìwé tí ìjọba ilé yín mọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Bí àwọn ìwé kan bá sọnù nínú rẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ wá fi iṣẹ́ náà hàn lójú wọn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á fẹ́ mọ ohun tí ẹ kọ́, ìgbà tí ẹ fi kọ́ ọ, àti ẹni tó yẹ̀ yín wò. Nítorí náà, ẹ gba ìwé tó to gbogbo apá iṣẹ́ tí wọ́n ti dán yín wò lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ sì fi pamọ́ pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí gan-an. Ó rọrùn láti gbà á nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì mọ̀ yín ju lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lọ.