Ìṣirò Omi Odò Etí Ọ̀sà

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye omi tí odò etí ọ̀sà ń gbé ní láti fi òwe yìí sọ́kàn, nítorí pé omi tí a ń rí lẹ́nu odò kì í ṣe òjò ibẹ̀ nìkan. Odò Ògùn jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Ìtòsí Ṣakí ni ó ti ṣẹ̀. Odò Ọ̀fíkì àti odò Ọ̀yán ń ṣàn sínú rẹ̀, ó sì gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó tú sínú ọ̀sà Èkó. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń wọ́ lọ sínú odò kan ṣoṣo báyìí ni a ó máa pè ní ilẹ̀ àgbàjọ omi.

Ìṣirò omi kò yàtọ̀ sí ìṣirò owó ọjà. Ohun tí ó wọlé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ó jáde àti ohun tí ó ṣẹ́ kù sápò. Òjò ni owó tí ń wọlé. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ó ń gbà jáde. Èkíní, oòrùn ń fà á sókè láti ojú omi àti ilẹ̀, ewéko náà sì ń mí i jáde láti ojú ewé. Èkejì, odò ń gbé e lọ sínú ọ̀sà. Èyí tí ó ṣẹ́ kù wà nínú àbàtà, nínú ìsédò àti lábẹ́ ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí odò ńlá fi ń ṣàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kò rọ̀: ohun tí ó fi pamọ́ ni ó ń ná.

Báwo ni a ṣe ń wọn ìwọ̀nyí? Mílímítà òjò kan lórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, jẹ́ lítà omi kan. Ṣùgbọ́n òjò Èkó pọ̀ ju ti Ṣakí lọ. Nítorí náà, ohun-èlò ìwọ̀n òjò kan ṣoṣo kò lè ṣojú gbogbo ilẹ̀. Ní ti odò, a ó wọn bí ó ti fẹ̀ àti bí ó ti jìn, a ó sì wo bí omi ti ń yára tó. Ẹnu odò kò dára fún èyí, nítorí pé òkun a máa kún, a sì máa fà, ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Omi a sì máa padà sẹ́yìn. Òkè ibi tí agbára òkun kò dé ni ó yẹ kí a ti wọ̀n ọ́n. Èyí tí oòrùn àti ewéko ń gbà ni ó ṣòro jù lọ láti wọ̀n.

Kí a mú un pé ilẹ̀ àgbàjọ omi odò kékeré kan gùn ní kìlómítà 5, ó sì fẹ̀ ní kìlómítà 2. Bí òjò ọdún kan bá jẹ́ 1,500 mílímítà, omi tí ó wọlé jẹ́ bílíọ̀nù lítà 15. Bí oòrùn àti ewéko bá gba bílíọ̀nù 10, tí odò sì gbé 4 lọ, bílíọ̀nù kan ni ó kù. Ẹni tí ó bá rí èyí lè ní kí a gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sí i. Ṣùgbọ́n bí òjò tí ó rọ̀ gan-an bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí èyí tí a kọ sílẹ̀ ńkọ́? Bílíọ̀nù 13.5 ni ó wọlé, 14 ni ó jáde. Èrè ti di gbèsè! Omi aláìníyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni ó sì ń dá omi iyọ̀ òkun dúró; bí a bá fà á jù, iyọ̀ yóò wọ inú kànga.

Ìṣirò ọdọọdún nìkan kò sì tó. Ìsédò Ọ̀yán, tí a ṣí ní ọdún 1983, lè gba nǹkan bí bílíọ̀nù lítà 270. Bí ó bá ti kún kí òjò ìparí ọdún tó dé, kò sí àyè mọ́. A ní láti tú omi sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi tí a tú sílẹ̀ níbẹ̀ wà lára ohun tí ó lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú kúrò nílé. Ìṣirò oṣooṣù ni ó lè fi irú ewu bẹ́ẹ̀ hàn ṣáájú.

Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé ìyókù tí a fi ìyọkúrò nìkan rí ni gbogbo àṣìṣe ń sá pamọ́ sí. Nítorí náà, ó yẹ kí a máa wọn omi inú kànga àti ti ìsédò fúnra wọn. Bí ìwọ̀n wọn bá bá ti ìwé mu, a lè gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò náà. Bí kò bá bá a mu, kí a tún un ṣe kí a tó gbẹ́ kànga tàbí kọ́lé sí bèbè odò.