Ta Ló Ni Ẹnu Oníròyìn?

Ṣáájú ọdún 1990, ohùn kan ṣoṣo ni rédíò fi ń sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: ohùn ìjọba. Orúkọ rédíò náà ni La Voix de la Révolution. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí ó wà nígbà náà, Ehuzu, ti ìjọba ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́kàn, abẹ́lẹ̀ ni ó ti ń sọ ọ́. Ní ọdún 1988, ìwé ìròyìn aládàáni kan, La Gazette du Golfe, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ní oṣù kejì ọdún 1990, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé ní Kútọnu. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà, Òfin Ìpìlẹ̀ tuntun jáde. Ẹsẹ 24 rẹ̀ sọ pé oníròyìn ní òmìnira, àti pé ìjọba fọwọ́ sọ̀yà fún òmìnira náà. Ó fi ìṣọ́ rẹ̀ lé HAAC lọ́wọ́, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àbójútó iṣẹ́ ìròyìn. Ẹsẹ 142 fi kún un pé kí HAAC rí i pé ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ mìíràn àti ará ìlú ń rí àyè bí ó ti tọ́ nínú iṣẹ́ ìròyìn ìjọba. Nítorí náà, rédíò ìjọba kì í ṣe ti ẹni tí ó wà lórí àga nìkan. Ti gbogbo ìlú ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni òfin, ọ̀tọ̀ ni ìlò rẹ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni ó ń yan olórí HAAC, lẹ́yìn tí ó bá ti fi ọ̀rọ̀ lọ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ìpolówó ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ró, ìjọba sì lè fún ẹni tí ó wù ú ní ìpolówó, kí ó fi du ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹnikẹ́ni kò di irú oníròyìn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pa ẹnu mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, HAAC dá gbogbo ẹ̀ka ilé iṣẹ́ La Gazette du Golfe dúró. Ó ní ilé iṣẹ́ náà ń gbè lẹ́yìn àwọn ológun tí wọ́n fipá gba ìjọba ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Àwọn tí ń gbèjà oníròyìn tako ìpinnu náà. Nígbà tí a bá ti ilé iṣẹ́ ìròyìn pa, òṣìṣẹ́ pàdánù oúnjẹ òòjọ́, ará ìlú sì pàdánù ẹni tí ń bá a béèrè ọ̀rọ̀. Bí owó orí ọjà bá lé sí i, tí afárá tí a ti san owó rẹ̀ kò sì parí, ta ni yóò béèrè?

Ẹni tí ó ti mọ̀wé kà kò gbọ́dọ̀ fi etí kan gbọ́ ìròyìn. Kí ó ka ìwé méjì, kí ó gbọ́ rédíò méjì, kí ó sì béèrè ẹni tí ń sanwó fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.