Ìgbaniwọlé Tó Ń Le Sí I àti Ìdíje Láti Wọ Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Olùkọ́ni

Ìfáárà
Bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá gbé òṣùwọ̀n ìgbaniwọlé rẹ̀ sókè, iye àwọn tó wọlé àti iye àwọn tó kù síta ni a sábà máa ń yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà kejì wà nínú ọgbà, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà ẹgbẹ́. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí líle ti àkọ́kọ́ ṣe ń mú kí ìkejì le, àti ohun tó yẹ kí àwa olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ ṣe sí i.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀
Amẹ́ríkà ni irú ẹgbẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní sorority, ti gbilẹ̀ jù lọ. Ọdún 1902 ni wọ́n dá àjọ National Panhellenic Conference sílẹ̀; ní 1908, àwọn obìnrin adúláwọ̀ dá Alpha Kappa Alpha sílẹ̀ ní Howard University. Irú àwọn ẹgbẹ́ báyìí máa ń béèrè èsì ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó gba ọmọ tuntun. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, tí kò tíì ní èsì níbẹ̀, èsì ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ń wò.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí yunifásítì bá ń gba kìkì àwọn tí máàkì wọn ga, gbogbo ẹni tó bá wá síwájú ẹgbẹ́ ni èsì rẹ̀ dára. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹgbẹ́ lè gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ náà sókè, ṣùgbọ́n iye ọmọ tuntun tó lè gbà ní gbèdéke. Níkẹyìn, ohun mìíràn ni wọn yóò fi yan ènìyàn: ọmọ ta ni, ta ló mọ̀, báwo ló ṣe ń múra, ṣé agbára rẹ̀ ká owó ẹgbẹ́?

Ìrírí ilé wa
Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń ráyè wọ University College, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Síbẹ̀, àwọn tó wọlé tún ń fi ìṣe òyìnbó àti ẹ̀yà ya ara wọn sọ́tọ̀. Èyí wà lára ohun tí Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà mìíràn lòdì sí nígbà tí wọ́n dá Pyrates Confraternity sílẹ̀ ní 1952. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan obìnrin náà. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn jẹyọ tí wọ́n di ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ní ọjọ́ 10, oṣù keje, 1999, irú wọn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Obafemi Awolowo University, Ilé-Ifẹ̀. Ìdánwò àbáwọlé tó le kò sọ ẹgbẹ́ di rere.

Ohun tó kàn wá
Ní 2025, máàkì tó kéré jù tí JAMB fọwọ́ sí fún yunifásítì ni 150. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ jẹ́ 100. Ẹgbẹ́ tó bá wo yunifásítì ṣe àwòkọ́ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn tó nílò ẹgbẹ́ jù ni yóò tì síta: ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n tí yóò bá a ka ìwé, ẹni tó wá láti ìlú òkèèrè tó gba yàrá sí àdúgbò bíi Ṣàngó ní Minna níbí. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, tí n kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí èsì rẹ̀ dára ju ti àwọn tó ń yàn án lọ. Owó aṣọ ẹgbẹ́ ni kò rí san. Wọn kò gbà á. Olùkọ́ ni òun náà yóò dà lọ́la. Kí ni a fi kọ́ ọ nípa bí a ṣe ń fi ojú kan náà wo ọmọ olówó àti ọmọ tálákà nínú kíláàsì?

Àbá
(i) Kí ẹgbẹ́ kọ òfin gbígba ọmọ tuntun sílẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.
(ii) Kí wọ́n dúró títí èsì sáà àkọ́kọ́ yóò fi jáde, kí wọ́n má fi èsì girama nìkan yan ènìyàn.
(iii) Kí olùdámọ̀ràn fi gbèdéke sí owó ẹgbẹ́ àti aṣọ ẹgbẹ́.
(iv) Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀kọ́ ń ni lára, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa bá wọn ka ìwé.

Àgbálọgbábọ̀
Kò sí ohun tó burú nínú òṣùwọ̀n tó ga. Ohun tó burú ni kí ọmọ ti la ìdánwò kọjá, kó tún wá bá ìdánwò mìíràn tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ pàdé nínú ọgbà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àwa la wà nípò láti rí i pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò sí.