Òkúta, Omi àti Èrò: Bí Ilé Ìgbẹ́ Ṣe Wọ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ṣáláńgá ní Erìjìyàn-Èkìtì, òkúta ni yóò kọ́kọ́ bá dúnàá-dúrà. Láti Aràmọkọ títí dé Ìkògòsì, kí ọ̀nà tó pọ́nkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òkè ló yí àwọn ìlú náà ká, àpáta ló sì tẹ́ sábẹ́ yẹ̀pẹ̀. Dígà àwọn agbẹ́lẹ̀ kì í pẹ́ ta iná lára òkúta, owó iṣẹ́ tí wọ́n ti dá á sì di ọ̀rọ̀ àtúnsọ. Bí onílé bá wo ohun tó kù nínú àpò rẹ̀, tó sì wo igbó tó wà lẹ́yìnkùlé lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní pẹ́ mọ èyí tí yóò mú.

Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń béèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé ní ìgbèríko Èkìtì kò fi ní ilé ìgbẹ́, ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu ni pé ọ̀làjú ò tíì débẹ̀ dáadáa. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà. Èkìtì yìí kan náà ni wọ́n ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn. Ibi tí èèyàn ń yàgbẹ́ sí, bóyá ó ń jókòó ni tàbí ó ń lóṣòó, ohun tó fi ń nu ìdí tàbí tó fi ń fọ̀ ọ́, ilẹ̀, omi àti iye èrò tó ń gbé ojú kan ló ń pinnu gbogbo rẹ̀, ju ìwé kíkà lọ.

Láyé àwọn baba ńlá, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ààtàn tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbọnsẹ̀. Ẹni tó ń lọ sóko á ní sùúrù di ìgbà tó bá débẹ̀. Ètò wà nínú rẹ̀: ọ̀tọ̀ ni ìhà tí àwọn obìnrin ń lọ, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ọkùnrin, ìdájí àti àṣálẹ́ ni àkókò rẹ̀, ẹni tó bá ń bọ̀ á sì wúkọ́ kó tó súnmọ́ tòsí, kí ẹni tó wà nílẹ̀ lè dá a lóhùn. Póò wà ní yàrá fún aláìsàn àti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò le. Ti ọmọdé, ẹ̀yìn ilé ni, ìyá rẹ̀ á fi ọkọ́ kó o. Ẹlẹ́dẹ̀, ajá àti adìyẹ ló ń bójú tó ìyókù, oòrùn á sì bá wọn parí rẹ̀.

Ewé ni wọ́n fi ń nu ìdí, tàbí kùùkù àgbàdo. Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí rẹ́rìn-ín kó rọra, nítorí kùùkù àgbàdo kan náà ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà lò títí wọ ọ̀rúndún ogún. Joseph Gayetty ti ń ta ìwé ìnùdí ní New York láti 1857, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ná owó lórí ohun tí àgbàdo ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́? Nígbà tí ìwé pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ìwé àwọn oníṣòwò ni wọ́n ń fà ya. Kódà, àwọn tó ń tẹ Old Farmer's Almanac, ìwé ọlọ́dọọdún tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń rà, bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sí igun rẹ̀ kí onílé lè rí i fi kọ́ ìṣó, àti nínú ilé ìgbẹ́ pàápàá. Àwọn ọmọ Yorùbá tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí tíṣù tó kárí kò ní bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Àwọn náà mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ojú ewé ìwé kíkọ títí tó fi máa rọ̀.

Ètò ààtàn kò burú nígbà tí èèyàn kò pọ̀ tí igbó sì gbòòrò. Ìgbà tí ìlú bá fún ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, London sì ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù lọ. Sir John Harington ti ṣàlàyé ilé ìgbẹ́ olómi sínú ìwé láti 1596. Alexander Cumming gba ìwé àṣẹ ní 1775 lórí páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ, tí omi inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí òórùn padà wọlé. Síbẹ̀, inú odò Thames ni gbogbo ohun tí wọ́n fi omi lé jáde nínú ilé ń ṣàn lọ, inú odò yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ti ń rí omi mu, kọ́lẹ́rà sì ń pa wọ́n lọ ràì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1858, òórùn odò náà wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin débi pé wọ́n ń rẹ aṣọ fèrèsé sínú oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó lè jókòó. Ìgbà náà ni owó tó jáde fún Joseph Bazalgette láti la ọ̀nà ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ fún ìlú náà. Imú àwọn aṣòfin ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Èkó ni èrò ti kọ́kọ́ pọ̀ ju ààtàn lọ. Ìjọba amúnisìn kò la ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ bíi ti London fún un. Garawa ni wọ́n fi sábẹ́ ìjókòó onípákó, wọ́n sì fi ihò kékeré kan sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri tí agbépòó á máa gbà yọ ọ́ lóru. Ní 1902, wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan fún èrò láàárín Ìdó àti Erékùṣù Èkó; láti 1906, wọ́n tún fi irin kan sí i tó ń ru ìgbẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń dà á sínú ọ̀sà. Ọkọ̀ èrò ti kógbá wọlé kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ti onígbẹ̀ẹ́ ń ṣiṣẹ́ lọ títí di 1933. Lórí irin kékeré yẹn, ìgbẹ́ wọ ọkọ̀ pẹ́ ju èèyàn lọ.

Òru ni agbépòó ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn á sì fi aṣọ bojú kí ojúlùmọ̀ má baà dá wọn mọ̀. Àwọn ọmọdé ń fi orin bú wọn láti ojú fèrèsé, wọn a sì sá wọlé, torí gbogbo ilé ló mọ ìtàn agbépòó tí wọ́n bú tó sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bú u. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kò jọ pé ẹnì kankan rántí bi agbépòó pé kí ló rí. Ní Ghana, iṣẹ́ náà ṣì wà títí di ọ̀rúndún yìí. Ọdún 2008 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ tó dájọ́ pé kò bójú mu kí èèyàn máa ru ìgbẹ́ ẹlòmíràn lórí.

Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó di ọ̀rọ̀ òfin. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, tó kàwé ní Glasgow, wà lára àwọn tó gbé e dìde. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé ní Yábàá. Àwọn wolé-wolé wọ̀nyí àti àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ló gbé ṣáláńgá wọ ìgbèríko. Wọ́n á dé pẹ̀lú kakí àti ìwé lọ́wọ́, wọ́n á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọ́n á yí lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á béèrè ṣáláńgá. Onílé tí kò bá ní, kóòtù ló kàn. Lẹ́yìn 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Obafemi Awolowo bẹ̀rẹ̀ kún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé, ṣáláńgá ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ wọ̀.

Ẹ̀rù ló gbẹ́ àwọn ṣáláńgá ìgbà yẹn. Ìgbà tí wolé-wolé dín kù, tí ìbẹ̀rù kóòtù sì tú, ọ̀pọ̀ èyí tó wó, kò sẹ́ni tó tún un kọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́tà sísítẹ́ẹ̀mù. Àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, Èkó àti òkè òkun ló kọ́kọ́ fi sínú ilé tí wọ́n ń kọ́ sílé, ilé tí wọ́n ń wá sí nígbà Kérésì. Àwo funfun náà dára lójú, ṣùgbọ́n omi ló ń jẹ. Àwọn ti àtijọ́ lè gba lítà mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá fa ọwọ́ rẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó garawa kan tí ọmọ ilé ti ru wá láti odò. Ìkògòsì tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun pọ̀ kò jìnnà, àmọ́ omi tó ń sun lábẹ́ òkè kọ́ ni omi tó ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí ṣáláńgá fi ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé alájà, tí bàbá àti ìyá onílé ń lò, nígbà tí ti inú ilé wà ní títì de àlejò.

Jíjókòó náà kò bá gbogbo èèyàn lára mu. Ẹni tí a tọ́ láti máa lóṣòó á gun orí àwo náà tòun ti bàtà, onílé á sì bínú. Kì í ṣe àìmọ̀kan lásán. Ní 2003, oníṣègùn kan ní Israel, Dov Sikirov, kọ àbájáde ìwádìí tó ṣe pẹ̀lú èèyàn 28: nígbà tí wọ́n lóṣòó, wọ́n lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 51 kí wọ́n tó ṣe tán; nígbà tí wọ́n jókòó sórí àwo gíga, wọ́n lo 130. Ìwádìí kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa kò ní jiyàn sí i.

Ní ti omi àti ìwé, ẹ̀sìn ló dá sí i jù. Mùsùlùmí Yorùbá kì í wọ ilé ìgbẹ́ láìmú búùtà dání, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń fọ̀. Ìwé ni àwọn míṣọ́nnárì àti òyìnbó ìjọba bá wá, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì gba tiwọn. Ṣùgbọ́n ayé ń padà sídìí omi. Ní 1975, Ítálì fi òfin dè é pé ilé tuntun gbọ́dọ̀ ní àwo ìfọ̀dí. Ní 1980, ilé iṣẹ́ TOTO ní Japan gbé ìjókòó tó ń fi omi gbígbóná fọ ìdí fúnra rẹ̀ jáde, owó ńlá ni wọ́n sì ń tà á. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé London, tó ti fi ike omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀ látìgbà tó ti débẹ̀, ti ń gbádùn ohun kan náà lówó pọ́ọ́kú.

Kì í ṣe gbogbo ohun rere nípa ọ̀rọ̀ yìí ló ti ọwọ́ ìjọba tàbí òkè òkun wá. Isaac Durojaiye, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ọ̀túnba Gadaffi, ti jẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́ fún MKO Abiola rí. Ó rí i pé Yorùbá á pe èrò rẹpẹtẹ sí òde ìnáwó, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á gbé ọtí kalẹ̀, kò sì ní sí ibi tí àlejò máa yà sí. Ní 1992, ó dá ilé iṣẹ́ DMT sílẹ̀, tó ń ṣe ilé ìgbẹ́ alágbèéká tó sì ń fi í háyà. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa kú ní 2012, ilé ìgbẹ́ alágbèéká ti di ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìnáwó òde pẹ̀lú tẹ́ńtì àti àga.

Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2021 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 48 ọmọ Nàìjíríà ló ń yàgbẹ́ sí gbangba. Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí Àṣẹ 009 ní oṣù Kọkànlá 2019 pé kó dópin tó bá fi máa di 2025. Ọdún náà dé, ó sì kọjá lórí ọ̀pọ̀ ìlú láìjẹ́ pé ó dópin.

Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gbé wọ abúlé báyìí yàtọ̀ sí ti wolé-wolé. Kamal Kar, ọmọ Íńdíà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bangladesh ní 1999 sí 2000. Wọn kì í fúnni lówó, wọn kì í sì í dáni lẹ́bi. Wọ́n á ní kí ará abúlé fi eérú ya àwòrán ìlú wọn sílẹ̀, kí kálukú tọ́ka ibi tó ń yà sí. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi irun kan kan ìgbẹ́, wọ́n á fi kan omi inú ife, wọ́n á sì gbé e fún ẹni tó bá fẹ́ mu ún. Kò ní sí ẹni tó máa gbà á. Ìjíròrò gidi á wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Obanliku ní Cross River fi di ìjọba ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó bọ́ lọ́wọ́ yíyàgbẹ́ síta, ní 2016. Ìtìjú lágbára, ṣùgbọ́n kò lè gbẹ́ àpáta. Opó tí kò lówó agbẹ́lẹ̀, bí gbogbo ìlú bá tilẹ̀ ń wò ó, kòtò kò ní ti ara rẹ̀ yọ lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Fún ilẹ̀ olókùúta, ọgbọ́n wà. A lè gbẹ́ ìwọ̀nba tí ilẹ̀ bá gbà, ká fi bíríkì gbé ìyókù kòtò náà sókè, kí ènìyàn gun àtẹ̀gùn wọ̀ ọ́. Ti eṣinṣin àti òórùn, Zimbabwe ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá: ní 1973, Peter Morgan ní ilé ìwádìí Blair ṣe ṣáláńgá tó ní páìpù gíga tí nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí páìpù á fa òórùn gòkè; inú ilé náà ṣókùnkùn, eṣinṣin á tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ wọnú páìpù, á sì kú sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Owó tó lè ran irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wà nílẹ̀: Èkìtì jẹ́ ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ méje tí Báńkì Àgbáyé fi sínú ètò omi àti ìmọ́tótó SURWASH tó fọwọ́ sí ní 2021, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 700 dọ́là.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ti ń yọjú ní àwọn àdúgbò tuntun tó ń yọ lẹ́bàá títì. Ẹni tó bá kọ́lé níbẹ̀ á gbẹ́ kànga, á sì gbẹ́ sókàwéè, nítorí kò sí páìpù ìjọba fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí ọgbọ̀n mítà wà láàárín àwọn méjèèjì. Púlọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ọgbọ̀n mítà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gígùn rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí onílé kan bá fi kànga síwájú tó fi sókàwéè sẹ́yìn, tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, sókàwéè ẹni àkọ́kọ́ ti fara kan kànga ẹnì kejì, àfi tí àwọn méjèèjì bá ti jọ sọ ọ́ kí dígà tó kan ilẹ̀.