Nígbà Tí Òpópónà Bá Yà Fún Ọjà

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìlọrin lónìí lè gba ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn kọjá láì fojú kan Òkè Mápó rárá. Òpópónà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978 kò wọ inú ìlú àtijọ́. Ó gba ẹ̀yìn ìlú dé Ìwó Road, ó sì já sí Òjòó. Mo ti gba ọ̀nà náà lọ, mo ti gbà á bọ̀, mi ò sì tíì rí pátákó kan lójú rẹ̀ tó sọ fún àlejò pé Ọjà'ba wà nínú ìlú tó ń fi sílẹ̀ yìí.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn rí ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1926 ni wọ́n fún àwọn títì ńlá ibẹ̀ ní nọ́ńbà tó kárí orílẹ̀-èdè. Nígbà náà, àárín ìlú gan-an ni títì máa ń gbà, níwájú ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ jù, ìjọba la ọ̀nà mìíràn gba ẹ̀yìn ìlú, nọ́ńbà sì bá ọ̀nà tuntun lọ. Ẹ̀rù ba àwọn oníṣòwò, nítorí ẹni tí kò mọ̀ pé ọjà wà nítòsí kò ní yà ra ohunkóhun. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí títì àtijọ́ di nọ́ńbà rẹ̀ mú, wọ́n wá kan pátákó pẹlẹbẹ kan sókè nọ́ńbà náà, wọ́n kọ "Business" sí i. Awakọ̀ tó bá tẹ̀lé e yóò la àárín ìlú kọjá, yóò sì tún bọ́ sí títì ńlá lódìkejì láì ṣìnà.

Pátákó náà kì í ṣàdédé hù lójú títì o. Àwọn ará ìlú lè bẹ̀bẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìrìnnà ìpínlẹ̀ ló ń kọ̀wé sí AASHTO, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ títì gbogbo ìpínlẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1914. Ìgbìmọ̀ kan nínú ẹgbẹ́ náà yóò yẹ ọ̀nà náà wò, yóò sì fọwọ́ sí i tàbí kó dá a padà. Lórí àwọn òpópónà márosẹ̀ wọn, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń dá ọ̀nà ọjà mọ̀, nígbà tí ti òpópónà fúnra rẹ̀ jẹ́ búlúù àti pupa.

Àwa náà ní nọ́ńbà. A1 ni ti ọ̀nà tó ti Èkó gba Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin lọ sí ìhà Sókótó. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ ti gbọ́ rí tó ní òun ń gba A1 lọ kí ìyá òun l'Ógbòómọ̀ṣọ́? Ẹnu kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni pátákó wa: "Bẹẹrẹ! Mápó! Ọjà'ba! Bẹyẹrúnkà!" Ẹnu náà ló sọ ọjà yìí lórúkọ. Ìtàn sọ pé Ọjà Lábósìndé ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kó tó di Ọjà Ìbà nítorí oyè Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, tí àwọn èèyàn wá gé e kúrú sí Ọjà'ba.

Títì ọdún 1978 kọ́ ló kọ́kọ́ yà fún un. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, Dùgbẹ̀ ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó pàgọ́ sí Gbágì, owó ńlá sì tẹ̀lé wọn. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 mú ọlá wá sórí òkè náà, àmọ́ kò dá owó yẹn padà.

Ìyá kan wà ní Ọjà'ba tí mo máa ń ra ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ àwọn oníbàárà àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ti ẹ̀yìn odi wá bá wọn. Àwọn mìíràn a pè wọ́n láti Ìwó Road, wọ́n á ní àwọn kò mọ ibi tí àwọn yóò gbà wọlé. Bí ẹsẹ̀ bá ti rẹ àwọn ọmọ náà, wọn kò mọ ẹni tí yóò rọ́pò wọn.

Ẹnìkan lè ní títì Bẹẹrẹ ti há jù, kí ló dé tí a tún fẹ́ kó ọkọ̀ wá síbẹ̀? Òótọ́ ni, n kò sì bẹ̀bẹ̀ fún tírélà. Ẹni tó fẹ́ kọjá ni kó máa kọjá lẹ́yìn ìlú. Ẹni tó fẹ́ nájà ni kí pátákó pè. Iṣẹ́ ibẹ̀ wà nínú àdéhùn ju owó irin lọ. Ìjọba àpapọ̀ ló ni òpópónà márosẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ ni àwọn títì inú ìlú. Pátákó tí yóò dúró sí ilẹ̀ ẹnìkan, tí yóò sì máa tọ́ka sí títì ẹlòmíràn, kò lè dúró láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì bára wọn sọ̀rọ̀.

Ní báyìí, wọ́n tún ti dáwọ́ lé ọ̀nà àyípo Ìbàdàn, tí gbogbo gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ 110 kìlómítà. Yóò tún gbé arìnrìn-àjò jìnnà sí Ọjà'ba ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni èyí. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ "Ọjà'ba àti Mápó, yà síbí" sí ibi tí ọ̀nà náà ti pàdé títì tó wọ ìlú, wọn kò nílò láti dúró de Àbújá.