ÀWÒRÁN ÀWỌN OBÌNRIN ILÉ IṢẸ́ Ẹ̀TÙ ÀTI ÈKÙRỌ́ ÌKÒRÒDÚ ÒUN Ẹ̀PẸ́

Àwọn àgbà ní: èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń wo àwọn àwòrán àtijọ́ kan tí G. P. Lewis àti Horace Nicholls yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó wà ní ìpamọ́ ní Imperial War Museum, ilé tí a dá sílẹ̀ ní 1917.

Àwọn obìnrin ni ó wà nínú wọn. Wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ gígùn, wọ́n fi fìlà bo irun, wọ́n dúró ti ẹ̀rọ, ọta àgbá sì tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ọkùnrin ti lọ sí ojú ogun, àwọn obìnrin ni ó sì gba iṣẹ́ náà ṣe, bí owó wọn kò tilẹ̀ tó ti ọkùnrin. Ẹ̀tù a máa sọ awọ ara wọn di àwọ̀ ìyeyè, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi wọ́n wé ẹyẹ ìbákà. Ní ọjọ́ 5 oṣù December 1916, ní Barnbow lẹ́bàá Leeds, ọta bú gbàmù, ó sì pa obìnrin 35.

Kí ni èyí kan ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́? Ó kàn wá púpọ̀. Ṣáájú 1914, ilẹ̀ Jámánì ni èyí tí ó pọ̀jù nínú èkùrọ́ wa ń lọ. Nígbà tí ogun dé, ọ̀nà yẹn dí, èkùrọ́ sì yí ojú sí àwọn ilé iṣẹ́ òróró Gẹ̀ẹ́sì. Òróró àti ọ̀rá ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Nínú ṣíṣe ọṣẹ ni a ti ń rí omi dídùn tí à ń pè ní glycerine. Glycerine ni ó sì wọ inú cordite, ẹ̀tù tí ń ti ọta jáde lẹ́nu ìbọn.

Ta ni ó sì pa èkùrọ́? Àwọn ìyá wa ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fún epo tán, wọn a jókòó ti òkúta, wọn a máa pa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a sì wọ̀n ọ́n fún alágbàtà. Ọkọ̀ a gbé e gba orí ọ̀sà lọ sí Èkó.

A mọ ojú àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò kọ orúkọ wọn sí abẹ́ àwòrán. Ti àwọn ìyá wa ńkọ́? Mélòó ni ó lè fi ojú wọn han ọmọ lónìí?

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò àti ará ìlú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú àpótí ìyá yín wò kí ikán tó dé ibẹ̀. Àwòrán tí ẹ bá rí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó wà láàyè, kí ẹ sì kọ orúkọ, iṣẹ́, ìlú àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Odógúnyán, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiyín pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ yín má baà wo ojú ìyá wọn bí ojú àlejò.

Ó di ìgbà mìíràn ná.